Iṣẹ́ Tí Fídà Ń Ṣe Nínú Ilé

Bí ọmọ bá kúrò lẹ́nu ọmú, Yorùbá ní ọ̀rọ̀ fún un: wọ́n ti já a lẹ́nu ọmú. Ọ̀rọ̀ yẹn ò dá wà, ó ní àṣà tó rọ̀ mọ́ ọn. Àwọn ìyá wa máa ń fi omi ewúro pa orí ọmú, kí ọmọ tọ́ ọ wò, kó fajú ro, kó sì yíjú kúrò. Àwọn mìíràn á gbé ọmọ lọ sọ́dọ̀ ìyá àgbà fún ọ̀sẹ̀ kan, kó má baà máa rí ìyá rẹ̀. Láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn, ọmọ nìkan kọ́ ló ń jìyà. Ọmú ìyá á kún, á le, á máa dùn ún. Ara àwọn méjèèjì ló jọ ń kọ́ bí wọ́n ṣe máa fi ara wọn sílẹ̀.

Ti fídà ò rí bẹ́ẹ̀. Fídà kì í le, kì í dun ẹnikẹ́ni, kì í rẹ̀ ẹ́. Ẹni tó bá wà nítòsí ló lè gbé e fún ọmọ: bàbá, ọmọ ọ̀dọ̀, àbúrò ìyàwó. Ọmọ gan-an lè gbé e fúnra rẹ̀, kó dùbúlẹ̀ sórí àga, kó máa mu ún lọ. Nítorí pé kò sí ara ẹnì kankan tó ń sọ pé ó tó gẹ́ẹ́, fídà lè wà nílé títí ọmọ á fi pé ọdún mẹ́ta, kò sì ní sí ẹni tó máa bínú sí i.

Ọmọbìnrin wa pé oṣù 20 nígbà tí a bẹ̀rẹ̀ sí í gba tiẹ̀ lẹ́nu rẹ̀. Fídà 5 ló ń mu lójúmọ́, mílílítà 240 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ bá ṣírò rẹ̀, ó ju lítà kan lọ. Mílíìkì lẹ́búlẹ́bú tí gbogbo ilé ń mu ni. Ìyá ìyàwó mi a máa fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ yangàn. Ohun tó ń kọ wá lóminú ni pé kì í jẹun. Òkèlè àmàlà mẹ́ta, ó ti yíjú. Ẹ̀wà, á tu ú dànù. Ẹyin, kò tiẹ̀ fẹ́ rí i sójú.

Nígbà tí a gbé e lọ fún àyẹ̀wò, wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. PCV rẹ̀ jẹ́ 29. Wọ́n ní àwọn ń fẹ́ kó tó 33, ó kéré tán. Nọ́ọ̀sì tó ka èsì náà fún wa ò pariwo. Ó kàn bi ìyàwó mi pé, "Mọ́mì, kí ni ọmọ yìí ń mu?" Ìyàwó mi sọ fún un. Ó ní, "Mílíìkì ló kún inú ẹ̀ yẹn. Ebi ò ráyè pa á." Ó wá gbé ètè ọmọ náà sókè, ó fi ìlà funfun tín-ín-rín kan hàn wá lára eyín iwájú lókè, nítòsí èrìgì. Ó ní bí eyín ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́ nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ náà ò ṣòro láti yé èèyàn. Èròjà iron, tí ara fi ń ṣe ẹ̀jẹ̀, kéré gan-an nínú mílíìkì màlúù. Calcium tó pọ̀ nínú rẹ̀ sì tún máa ń dí ara lọ́wọ́ láti gba iron tó wà nínú oúnjẹ mìíràn. Ọmọ tó bá mu mílíìkì yó ò sì ní jẹ ẹran, ẹ̀wà, ẹyin àti ẹ̀fọ́ tí ì bá fún un ní ẹ̀jẹ̀. Ti eyín ńkọ́? Ṣúgà wà nínú mílíìkì, kódà bí a ò bu ṣúgà sí i. Kòkòrò inú ẹnu á sọ ọ́ di ásíìdì. Lójú mọmọ, itọ́ máa ń fọ̀ ọ́ kúrò, ṣùgbọ́n bí ọmọ bá ti sùn, itọ́ á dín kù, mílíìkì á sì dúró sára eyín. Ti iwájú lókè ló máa ń kọ́kọ́ jìyà ẹ̀, torí ahọ́n máa ń bo ti ìsàlẹ̀. Ìdí nìyí tí American Academy of Pediatrics fi gba òbí nímọ̀ràn pé kí wọ́n gba fídà lẹ́nu ọmọ láàárín oṣù 12 sí 18, tí NHS ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà sì ní kí òbí yẹra fún un bí ọmọ bá ti pé ọdún kan.

Ìmọ̀ràn bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ lé wa lórí. Ìyá ìyàwó mi ní ká gbé e wá bá òun n'Ìbàdàn. "Ẹ fún mi ní ọ̀sẹ̀ kan péré, á ti gbàgbé." Aládùúgbò wa ní ká fi ewúro pa ọmú rọ́bà rẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi kan ní ká kó gbogbo ẹ̀ dànù lálẹ́ ọjọ́ kan, ká di etí wa. Gbogbo ẹ̀ ló ti ṣiṣẹ́ nílé àwọn kan, n ò jiyàn.

Ṣùgbọ́n sọ́fítíwíà ni mo ń kọ jẹun, iṣẹ́ yẹn sì ní bó ṣe ń kọ́ni láti ronú. Lọ́dọ̀ wa, èèyàn kì í déédéé yọ kóòdù àtijọ́ kúrò. Wàá kọ́kọ́ wá gbogbo ibi tí wọ́n ti ń pè é. Ó lè jẹ́ ìlà márùn-ún péré, kí ogún ibi sì gbára lé e. Mo mú bírò, èmi àti ìyàwó mi jókòó, a kọ fídà márààrún sílẹ̀, a sì kọ iṣẹ́ tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń ṣe síwájú rẹ̀.

Ti àárọ̀ ń mú kó dákẹ́ kí ìyá rẹ̀ lè wẹ̀, kó múra iṣẹ́. Ti inú ọkọ̀ ń bá a fara da gó-síló. Ti ọ̀sán ń mú kó sùn, kí obìnrin tó ń bá wa tọ́jú rẹ̀ lè ráyè jẹun. Ti aago mẹ́sàn-án alẹ́ ń mú un sùn nígbà tí mo bá wà nípàdé orí íntánẹ́ẹ̀tì pẹ̀lú àwọn tá a jọ ń ṣiṣẹ́ tí wọ́n wà ní Amẹ́ríkà. Ti aago méjì òru ń dá gbogbo wa padà sójú oorun.

A wo ìwé náà títí. Ebi ò sí nínú ẹ̀. Iṣẹ́ àgbà ni gbogbo ẹ̀. Àwọn àgbà ní ọmọ tó ní kí ìyá òun má sùn, òun náà ò ní fojú kan oorun. Nílé wa, fídà ló dúró láàárín àwọn méjèèjì bí onílàjà. Bí a bá lé onílàjà lọ, iṣẹ́ ìlàjà ò parẹ́, ẹnì kan ló máa ṣe é. Ní ọ̀pọ̀ ilé tí mo mọ̀, ìyá ló máa ń já lé lórí. Ìyàwó mi ló sọ ọ́ jáde: "Dádì, tá a bá ti gbà á lọ́wọ́ ẹ̀, èmi lẹ máa gbé e fún. Èmi náà máa lọ síbi iṣẹ́ láàárọ̀ o."

Mo ní ti alẹ́ àti ti òru, tèmi ni.

Ti ọ̀sán la kọ́kọ́ yọ. Obìnrin náà ń fún un ní ẹ̀wà díẹ̀ kó tó sùn, ó ń fi ife fún un lómi. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́rin, ó kan ti inú ọkọ̀: omi nínú ife ọlọ́mọrí àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́. Ti àárọ̀ di ẹ̀kọ nínú ife tí kò lọ́mọrí. Ìdajì ẹ̀ sára aṣọ, ṣùgbọ́n ó fẹ́ràn ife yẹn torí ó jọ tèmi. Nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì ló gbà.

Nígbà tó kan ti alẹ́, mo sọ fún àwọn ẹlẹgbẹ́ mi pé n ò ní sí nípàdé fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kí wọ́n máa kọ ohun tí wọ́n bá sọ sílẹ̀ fún mi. Mo fi ọ̀já pọ̀n ọmọ mi. Ìyá ìyàwó mi gbọ́ lórí fóònù, ó rẹ́rìn-ín títí: "Àna mi, ẹ rọra o, ẹ má jẹ́ kó yọ̀ bọ́ o!" Mo ń rìn láti pálọ̀ dé kíṣìnì, mo ń sọ ìtàn Ìjàpá, òun ń ké "Fífà! Fífà!" lẹ́yìn mi. Ní alẹ́ kẹrin, ó gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́ lé mi lẹ́yìn, ó sùn.

Ti òru ló le jù. Ṣíbí mílíìkì mẹ́fà la máa ń bù sí i. Ní ọjọ́ méjì méjì, mo ń yọ ṣíbí kan, omi ò sì dín, títí ó fi di omi lásán. Lóru ọjọ́ tó di omi lásán, ó tọ́ ọ wò, ó jù ú mọ́lẹ̀, ó bú sẹ́kún. Agolo mílíìkì wà ní kíṣìnì. Ìṣẹ́jú méjì péré ni ì bá gbà mí. Ìyàwó mi jáde wá síbi ilẹ̀kùn, ó wò mí, mo wò ó, ó sì padà lọ sùn. Ogójì ìṣẹ́jú ni ọmọ náà fi sunkún láyà mi. N kò gbé e sílẹ̀, n ò sì bu mílíìkì. Lóru kejì, ó dín kù. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, ó ti ń sùn mọ́jú.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan nínú ọ̀sẹ̀ yẹn, ó jẹ ẹ̀wà inú abọ́ rẹ̀ tán, ó na abọ́ sí wa pé ká bu sí i. Dókítà ti fún un ní oògùn iron tí wọ́n ń kán sẹ́nu ọmọ, nítorí náà n ò ní sọ pé fídà nìkan lọ̀rọ̀ náà dá lé. Lẹ́yìn oṣù méjì, PCV rẹ̀ ti di 34.

Ohun tí mo wá ń ṣọ́ báyìí ni fóònù. Fóònù mọ iṣẹ́ márààrún yẹn ṣe, ó tún mọ̀ ọ́n ṣe ju fídà lọ. Ó ń mú ọmọ dákẹ́ nínú gó-síló, ó ń jẹ́ kí bàbá rẹ̀ ráyè ṣèpàdé. Kì í ba eyín jẹ́, nítorí náà kò sí nọ́ọ̀sì tó máa gbé ètè ọmọ sókè kó tó sọ fún wa.

Ìwé tá a kọ ṣì wà lára fíríìjì. A ti fi bírò pa fídà rẹ́ lórí gbogbo ìlà, a sì kọ orúkọ èèyàn síbẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ gba fídà lẹ́nu ọmọ tiyín, ẹ kọ́kọ́ wá ẹni tí ẹ máa kọ orúkọ rẹ̀ síbẹ̀ ná.