Afẹ́fẹ́ Kì í Ṣe Ojúsàájú

Bí akẹ́kọ̀ọ́ mi kan bá ń fi iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ pamọ́ nítorí ẹ̀rín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, ìtàn William Kamkwamba, ọmọ ilẹ̀ Màláwì, ni mo máa ń sọ fún un. Ìyàn mú ní ilẹ̀ wọn, baba rẹ̀ kò sì rí owó ilé-ìwé san mọ́. Ní ọdún 2002, ọmọ ọdún 14 yìí rí àwòrán ẹ̀rọ tí afẹ́fẹ́ ń yí nínú ìwé kan. Ó fi abẹ̀bẹ̀ katakata, ògbólógbòó kẹ̀kẹ́ àti dínámò ṣe tirẹ̀, ó sì gbé e ka orí òpó igi tí ó ga ní mítà 5.

Àwọn ará abúlé ní orí rẹ̀ ti dàrú. Kò bá wọn jiyàn. Ó tú ẹ̀rọ náà sílẹ̀ lójú gbogbo wọn. Afẹ́fẹ́ dé, ẹ̀rọ ń yí, gílóòbù sì tàn. Nígbà tí ó yá, ó gbé e ga dé mítà 12, kí igi má baà dí afẹ́fẹ́ lọ́wọ́.

Àwọn àgbà ní afẹ́fẹ́ ti fẹ́, a ti rí ìdí adìyẹ. Ẹni tí àṣírí rẹ̀ tú ni a sábà ń pa òwe yìí mọ́. Ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ kan náà ni ó ń gbé iṣẹ́ olóòótọ́ yọ. Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ gbé iṣẹ́ yín síta, kí afẹ́fẹ́ fẹ́ sí i.