Wúrà Tàbí Idẹ?

Ẹyọ owó kọ̀ọ̀kan ní ojú, ó sì ní ẹ̀yìn. Wúrà a máa dán, idẹ náà a sì máa dán. Nítorí náà, ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ohun tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ní láti ka ohun tí a kọ sí i lára, kí ó sì gbé e lórí òṣùwọ̀n.

Opó kan ní Ẹ́sítéètì Raji Rasaki, ní Amúwo-Ọ̀dọ̀fin, Èkó, bá owó onírin mọ́kànlá nínú àpótí olóògbé ọkọ rẹ̀: mẹ́wàá pupa, ọ̀kan funfun. Oníṣòwò kan wí fún un pé wúrà ayé àwọn ọba Róòmù ni àwọn pupa, nítorí pé èdè Látìn wà lára wọn. Ó ní kí ó mú owó àyẹ̀wò wá kí òun tó bá a tà wọ́n. Owó ilé-ìwé ọmọ rẹ̀ ni obìnrin náà fẹ́ fi san án.

Àbúrò ọkọ rẹ̀ ni ó dá a dúró. Ó ní, “Ìyàwó wa, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ kà á.”

Wúrà Róòmù ìgbà ìkẹyìn, tí ń jẹ́ solidus, ní àmì tirẹ̀. Ọba Constantine ni ó dá a sílẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kẹrin. Ẹyọ 72 ni wọ́n ń rọ láti inú ìwọ̀n Róòmù kan, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì wọn nǹkan bíi gíráàmù 4.5. D N tí ó ṣáájú orúkọ ọba túmọ̀ sí “Olúwa wa”. Lábẹ́ àwòrán ẹ̀yìn ọ̀pọ̀ nínú wọn ni CONOB wà: CON fún ìlú Constantinople, OB fún wúrà tí a ti yọ́ mọ́.

Ṣùgbọ́n GEORGIVS V ni ó wà lójú owó pupa inú àpótí náà. Igi ọ̀pẹ, ọdún 1924 àti BRITISH WEST AFRICA ni ó wà lẹ́yìn rẹ̀, ó sì wọn ju gíráàmù 5 lọ. Ṣílè Ìgbìmọ̀ Owó Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ni, ìgbìmọ̀ tí a dá sílẹ̀ ní 1912. Fàdákà ni ṣílè wọn láti 1913. Nígbà tí fàdákà gbówó lórí lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kìíní, wọ́n fi idẹ rọ́pò rẹ̀ láti 1920. Ẹyọ funfun yẹn jẹ́ ti 1913.

“Baba kékeré, èyí tí ẹnikẹ́ni kò náání yìí ni ó níye lórí jù?”

“Òun ni, àmọ́ kò tó owó ilé-ìwé.”

Owó àyẹ̀wò kò jáde mọ́.

Síbẹ̀, okùn kan so ṣílè mọ́ Róòmù. Títí di ìgbà tí a bẹ̀rẹ̀ sí í ná náírà àti kọ́bọ̀ ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 1973, £.s.d. ni à ń kọ sínú ìwé ìṣirò, lẹ́tà s tí ó sì dúró fún ṣílè, láti inú solidus ni ó ti wá. Orúkọ wúrà rìn dé orí idẹ. Iye wúrà kò bá a dé.