Kí A Tó Ra Sólà Sí Mọ́ṣáláṣí

Ọ̀rọ̀ iná ni mo fẹ́ bá yín sọ lọ́sẹ̀ yìí. Kì í ṣe iná ọ̀run o. Iná mọ̀nàmọ́ná tí ẹ ń tàn nílé, ní ṣọ́ọ̀bù àti ní mọ́ṣáláṣí ni.

Níbí ní Ìgbájọ, jámọ́à àdúgbò wa ń dáwó láti ra sólà. Èrò dáadáa ni. Láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní oṣù karùn-ún ọdún 2023, epo tí à ń rọ sínú jẹnẹrétọ̀ ti ju ohun tí àpótí sàdákà lè gbé lọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹni tí yóò ṣe iṣẹ́ náà dárúkọ iye tó fẹ́ gbà, gbogbo wa dákẹ́. Bàbá kan ní kí á tún bẹ̀rẹ̀ ìdáwó mìíràn. Èmi ní kí á kọ́kọ́ ka gílóòbù.

Mo kó àwọn ọmọ kéú mi tó ti dàgbà díẹ̀ wọ mọ́ṣáláṣí pẹ̀lú bébà àti bírò. Gílóòbù 20 ni wọ́n kà, gbogbo rẹ̀ ni aláwọ̀ pupa àtijọ́, oníwáàtì 60. Ẹ bá wa ṣírò ó. Unit kan tí mítà ń kà ni 1,000 wáàtì fún wákàtí kan. Gílóòbù 20 yẹn jẹ́ 1,200 wáàtì. Bí wọ́n bá tàn fún wákàtí mẹ́rin lóòjọ́, láti Mọ̀gàríbì dé ẹ̀yìn Ìṣáì, àti nígbà Súbùhi, wọ́n ti jẹ unit 4.8. Gílóòbù LED oníwáàtì 9 ń tàn tó oníwáàtì 60 yẹn. Ogún rẹ̀, fún wákàtí mẹ́rin kan náà, kò jẹ ju unit 0.72 lọ. Ooru ni gílóòbù àtijọ́ ń sọ èyí tó pọ̀ jù nínú iná rẹ̀ dà. (Ẹ má fọwọ́ kàn án wò, ó ń jó ni.)

Ṣé ẹ rí i? Bí iná tí a ń lò bá ṣe pọ̀ tó ni ẹni tó ń ta sólà yóò fi ṣírò bátìrì. Nítorí gílóòbù nìkan, bátìrì tí a fẹ́ rà lé ní ìlọ́po mẹ́fà èyí tí a nílò. Owó àwọn ìyá wa tó ń ta ata àti gààrí ni a fẹ́ fi rà á. Àmánà ni owó yẹn. Nínú Súúrà Al-A'rāf, ẹsẹ 31, Ọlọ́hun kọ ìnákúnàá fún wa, kódà nínú jíjẹ àti mímu tó jẹ́ ẹ̀tọ́ wa. Ànábì Muhammad, kí ikẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, sì pàṣẹ pé kí á máa pa fìtílà bí a bá fẹ́ sùn, kí eku má baà fa òwú rẹ̀ kí ilé sì jó. Ó wà nínú àkójọ Bukhari. Àwa ń ti ìlẹ̀kùn mọ́ṣáláṣí lẹ́yìn Súbùhi, fáànù 12 sì ń yí nínú ilé òfìfo. Wákàtí kan péré, unit kan ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lọ.

Ẹlòmíràn á ní, "Ààfáà, iná tí kì í wá, kí la fẹ́ ṣọ́ ná nínú rẹ̀?" Mo gbọ́ yín. Ẹni tí kò ní mítà, tí wọ́n kàn ń já ìwé owó fún lóṣooṣù, kò rí èrè kankan nínú pípa iná, mi ò sì dá a lẹ́bi. Ṣùgbọ́n jẹnẹrétọ̀ kì í fojú díwọ̀n. Iye tí ẹ bá lò ló ń mu. Àwọn tó wà ní Band A náà mọ ohun tí mò ń sọ: ní oṣù kẹrin ọdún 2024, unit kan fò láti nǹkan bíi náírà 68 sí 225. Wọ́n dín in kù díẹ̀ lẹ́yìn náà, kò padà síbi tó wà.

Ẹ̀yin tó ń kọ́lé àti ṣọ́ọ̀bù, ọ̀rọ̀ yín kù. Orí òkè ni Ìgbájọ wà, atẹ́gùn wa tutù, síbẹ̀ inú ṣọ́ọ̀bù tuntun ń gbóná bí ààrò. Wọ́n kan páànù láìsí sílíńgì, wọ́n fi fèrèsé kékeré kan síwájú, kò sí òmíràn lẹ́yìn tí atẹ́gùn yóò gbà jáde. Ilé alámọ̀ àwọn bàbá wa, tí ògiri rẹ̀ nípọn, kò rí bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá dé Yunifásítì Ifẹ̀, ẹ wo ilé ẹ̀ka Humanities tí wọ́n kọ́ ní nǹkan bí ọgọ́ta ọdún sẹ́yìn: àjà òkè yọ síta ju ti ìsàlẹ̀ lọ, ó ń ṣíji bò ó, atẹ́gùn sì ń gba ọ̀ọ̀dẹ̀ kọjá. Ìjọba àpapọ̀ ti gbé ìlànà jáde láti ọdún 2017 lórí ilé tí kò ní máa fi iná ṣòfò. Bíríkìlà mélòó ló mọ̀ pé ó wà?

Ìgbìmọ̀ wa yóò tún jókòó lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ tó ń bọ̀. Ohun tí mo fẹ́ bẹ̀ wọ́n ni kí á fi díẹ̀ nínú owó tó wà nílẹ̀ ra gílóòbù LED 20, kí á yan ọmọ kéú kan tí yóò máa pa fáànù lẹ́yìn ìrun, kí á wá pe oníṣẹ́ sólà náà padà láti tún ìṣirò rẹ̀ ṣe.