Ẹwìrì inú Ṣọ́ọ̀ṣì

Ọdún 1956 ni bàbá mi kọ́kọ́ mú mi wọ kàtídírà Marina ní Èkó. Dùùrù ẹlẹ́sẹ̀ títẹ̀ la ní lábúlé wa. Bí ó bá ti rẹ ẹsẹ̀ atẹdùùrù, ó rẹ orin náà nìyẹn. Ti Marina yìí yàtọ̀. Àtẹ́lẹsẹ̀ mi ló kọ́kọ́ gbọ́ ọ kí etí mi tó gbọ́.

Nígbà tó yá, bàbá akọrin kan mú mi wo ẹ̀yìn dùùrù. Fèrè tò lọ bíi pákó oko: òmíràn irin, òmíràn igi onígun mẹ́rin. Ó ní, “Ṣé o mọ ẹwìrì alágbẹ̀dẹ? Òun náà rèé.” Afẹ́fẹ́ á kún inú àpótí, bí ìka bá tẹ bọ́tìnnì, ìdérí kékeré á ṣí, fèrè á sì fọhùn. Èyí tó gùn ń dún wúwo, èyí tó kúrú ń dún tín-ín-rín. Gé fèrè kan sí ìdajì, ohùn kan náà ni yóò jẹ́, àfi pé á ga bí ohùn ọmọ ṣe ń ga ju ti bàbá rẹ̀ lọ nínú orin kan náà.

Ọ̀gá Thomas Ekundayo Phillips ló ń darí orin níbẹ̀, láti 1914 títí di 1962. Ìṣòro tó bá pàdé kò kéré: orin òyìnbó kò mọ àmì ohùn wa. Akọrin á pe ìgbà, orin á sọ ọ́ di igbá. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe orin tó ń tẹ̀ lé ohùn ọ̀rọ̀, ó sì kọ ìwé lé orin Yorùbá lórí ní 1953. Fela Sowande, tó kọrin lábẹ́ rẹ̀ lọ́mọdé, gboyè FRCO ti àwọn àgbà atẹdùùrù ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1943. Òun ló ṣe Ọbáńgíjì àti Oyígíyigì fún dùùrù.

Ṣùgbọ́n dùùrù a máa fẹ́ ìtọ́jú. Ọ̀rinrin a máa mú igi wú, a sì máa ba awọ jẹ́. Ní ṣọ́ọ̀ṣì mìíràn tí mo ti kọrin, òjò rọ̀ mọ́jú, ni fèrè kan bá há, tó ń dún fíì títí ìwàásù fi parí. Kò sẹ́ni tó mọ bí a ṣe ń tú u.

Ẹ̀yin tí ẹ ní ọmọ tó létí orin, ẹ jẹ́ kó kọ́ dùùrù títẹ̀. Ẹ sì jẹ́ kó kọ́ títún un ṣe pẹ̀lú.