Ẹ Má Fi Ojú Lásán Dá Páìpù Gáàsì Mọ̀

Ní ilẹ̀ wa, inú sílíńdà tí ojú ń rí ni gáàsì tí ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń dáná máa ń wà. A máa ń gbé e lọ rọ gáàsì, a ń mọ ìgbà tó tán, a sì lè tọ́ka sí i pé, "Gáàsì nìyẹn." Nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilé ní Lọ́ńdọ̀nù, kò rí bẹ́ẹ̀. Inú ògiri àti abẹ́ pákó ilẹ̀ ni gáàsì ń gbà wọlé, nínú páìpù tó jọ páìpù omi bí ẹni pé ìbejì ni wọ́n. Ìyàtọ̀ yìí ni ó yẹ kí ọmọ Yorùbá tó ń kó wọ ilé àtijọ́ lọ́hùn-ún fi sọ́kàn kí ó tó ra sítóòfù gáàsì.

Mo wà lọ́dọ̀ àbúrò mi ọkùnrin nígbà tó kó wọ irú ilé bẹ́ẹ̀. Páìpù mẹ́ta ló yọ jáde lára ògiri ilé ìdáná, wọ́n sì ti fi ọ̀dà funfun kun gbogbo wọn. Ọmọ ìlú wa kan tó ń ṣe iṣẹ́ páìpù wá wò ó. Ó na ìka sí èyí tí wọ́n dé lórí, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, páìpù omi tí wọn kò lò mọ́ nìyí. Ẹ jẹ́ kí n gé e kúrò." Ìyàwó àbúrò mi fi ọ̀wọ̀ dá a dúró: "Ẹ jọ̀ọ́ sà, àwọn ọmọ ń sùn lókè. Ẹ jẹ́ ká pe ẹni tí òfin mọ̀." Ọkùnrin náà bínú lọ. Ní ọjọ́ kejì, oníṣẹ́ gáàsì tọ páìpù náà láti ìdí mítà, ó sì fi ẹ̀rọ rẹ̀ yẹ̀ ẹ́ wò. Gáàsì ṣì wà nínú rẹ̀.

Kò yẹ kó yà wá lẹ́nu. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n ń fi bàbà ṣe páìpù omi, wọ́n sì ń fi ṣe ti gáàsì. Ní ilé àtijọ́, òjé tàbí irin ni méjèèjì lè jẹ́. Ọ̀dà kì í ṣe ẹ̀rí, nítorí ẹnikẹ́ni ló lè kùn ún. Pé wọ́n dé páìpù lórí kò sì sọ pé ó ti ṣófo.

Ẹ jẹ́ kí a rántí Ronan Point, ilé alájà 22 ní ìlà-oòrùn Lọ́ńdọ̀nù. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ 16 oṣù Karùn-ún ọdún 1968, obìnrin kan ṣá ìṣáná láti se tíì. Gáàsì ti ń jò níbi tí wọ́n ti so sítóòfù rẹ̀ mọ́ páìpù, nítorí nọ́ọ̀tì idẹ kan tí kò dára tó. Ìbúgbàù náà wó igun kan ilé náà, ènìyàn mẹ́rin sì kú. Nọ́ọ̀tì kékeré kan péré!

Nítorí náà, ẹ má tú ìdérí páìpù tí ẹ kò mọ̀, ẹ má sì gé e wò. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà ní Gas Safe Register, tó gba ipò CORGI ní 2009, ni kí ẹ pè. Ẹ ní kó mú káàdì rẹ̀ wá, kí ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀; ibẹ̀ ni wọ́n kọ irú iṣẹ́ tó lè ṣe sí, kí ẹ rí i pé sítóòfù wà lára wọn. Bí ẹ bá gbọ́ òórùn gáàsì, ẹ má ṣáná, ẹ má fọwọ́ kan ìtànná. Ẹ ṣí fèrèsé, ẹ ti gáàsì pa nídìí mítà, ẹ jáde síta, kí ẹ sì pe 0800 111 999.

Àwọn kan yóò ní owó oníṣẹ́ gáàsì pọ̀, pé ti ọmọ ìlú ẹni rọrùn. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n àìmọ̀kan ló ń mú èkúté ilé pe ológbò níjà. Ìfẹ́ ọmọ ìlú ẹni kò ní kí a fi ilé àti ọmọ dán ìmọ̀ rẹ̀ wò.