Ayàwòrán Etí Ọ̀gbun Ńlá

Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lọ́sẹ̀ yìí, ọ̀rọ̀ ìjẹ́wọ́ ni. Ṣùgbọ́n kí n tó dé orí rẹ̀, ẹ jẹ́ kí n mú yín rin ìrìn àjò díẹ̀, nítorí pé ọ̀nà jíjìn ni ẹ̀kọ́ náà gbà tọ̀ mí wá.

Ọmọ mi ọkùnrin kejì ń ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní Arizona, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Nígbà tí ó gba ìsinmi, ó lọ wo ọ̀gbun kan tí òkìkí rẹ̀ kàn ká ayé, èyí tí àwọn ará ibẹ̀ ń pè ní Grand Canyon. Nígbà tí ó padà dé, ó kọ lẹ́tà sí mi, ó sì fi káàdì kan sínú rẹ̀. Mo kọ́kọ́ rò pé fọ́tò ni. Ìgbà tí mo gbé e súnmọ́ fèrèsé ni mo tó mọ̀ pé ọwọ́ ènìyàn ni ó yà á, pẹ̀lú àwọ̀ tí a fi omi pò. A tẹ orúkọ ayàwòrán náà sí ẹ̀yìn rẹ̀: Gunnar Widforss. Ọmọ mi sì kọ gbólóhùn méjì sí ìsàlẹ̀ lẹ́tà rẹ̀ pé: "Bàbá, ọkùnrin yìí jókòó ti ibì kan títí ó fi mọ̀ ọ́n. Mo rántí Ìyá Àgbà." Gbólóhùn kejì yìí ni kò jẹ́ kí n sùn lóru ọjọ́ náà. Ẹ óò gbọ́ ìdí rẹ̀ láìpẹ́.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń wá ìtàn ọ̀gbun náà àti ti ọkùnrin náà kiri. Odò Colorado ni ó gbẹ́ ọ̀gbun náà, díẹ̀díẹ̀, bí omi òjò ti ń gbẹ́ ẹ̀yìnkùlé wa, bí kò ṣe pé ti odò yìí gba àìmọye ọdún. Gígùn rẹ̀ jẹ́ máìlì 277. Níbi tí ó gbòòrò jù, ó tó máìlì 18 láti etí kan dé èkejì. Jíjìn rẹ̀ sì ju máìlì kan lọ. Etí rẹ̀ ti ìhà gúúsù ga tó nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 7,000 ju òkun lọ, ti ìhà àríwá sì tún ga jù bẹ́ẹ̀. Ní ìgbà òtútù, yìnyín a máa bo etí rẹ̀ funfun. Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, ooru ìsàlẹ̀ rẹ̀ a máa le tó bẹ́ẹ̀ tí ó ń pa arìnrìn-àjò tí kò bá gbé omi dání. Òkúta rẹ̀ tò léra wọn bí ìtẹ̀lé ìwé nínú àpótí: èyí tí ó wà lókè mọ́ bí eérú, àwọn pupa tẹ̀ lé e, èyí tí ó wà nísàlẹ̀ pátápátá sì dúdú. Ògiri gíga kan wà láàrin wọn tí wọ́n ń pè ní Ògiri Pupa, ṣùgbọ́n bí a bá fọ́ òkúta rẹ̀, eérú ni inú rẹ̀. Omi òjò ni ó ń fọ ìpẹtà irin láti ara àwọn òkúta òkè sọ̀ kalẹ̀, tí ó sì ń kùn ún ní pupa. Ẹni tí kò bá wo nǹkan pẹ́, kò lè mọ èyí.

Àwọn ará Havasupai àti àwọn ẹ̀yà mìíràn ti ń gbé ibẹ̀ tipẹ́tipẹ́ kí àwọn ará Spain tó kọ́kọ́ fojú rí i ní ọdún 1540. Ní ọdún 1873, ayàwòrán kan tí ń jẹ́ Thomas Moran bá àwọn awọnlẹ̀ dé ibẹ̀. Ó fi pẹ́ńsùlù ya díẹ̀, ó padà sí ilé rẹ̀, ó sì kó ohun tí ó rí pọ̀ sínú àwòrán ńlá kan, bí ó ti wu ọkàn rẹ̀. Àwọn aṣòfin Amẹ́ríkà ra àwòrán náà ní dọ́là 10,000. Ní ọdún 1919, ìjọba sọ ọ̀gbun náà di ọgbà orílẹ̀-èdè, kí ẹnikẹ́ni má baà bà á jẹ́.

Ṣùgbọ́n Widforss kò dà bí Moran. Ní Stockholm, ní ilẹ̀ Sweden, ni a bí i ní ọdún 1879. Ní ọdún 1921 ó dé California, ó sì ń ro láti kọjá sí ìlà-oòrùn ayé. Ṣùgbọ́n ẹwà ilẹ̀ náà dá a dúró. Stephen Mather, ẹni tí ó jẹ́ olórí àwọn ọgbà orílẹ̀-èdè nígbà náà, rí iṣẹ́ rẹ̀, ó sì gbà á níyànjú pé kí ó máa ya àwọn ọgbà wọ̀nyí. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ó yà, ṣùgbọ́n Ọ̀gbun Ńlá ni ọkàn rẹ̀ fà sí jù, ó sì sọ ibẹ̀ di ilé.

Ẹ rò ó wò bí ọjọ́ irú òṣìṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ti rí. Ìta gbangba ni ó ti ń ya àwòrán, kì í ṣe nínú ilé. Nínú iṣẹ́ àwọ̀ olómi, ìwé funfun fúnra rẹ̀ ni ìmọ́lẹ̀. Ibi tí oòrùn bá tàn sí, kí ayàwòrán má fọwọ́ kàn án, nítorí pé bí ó bá ti kùn ún tán, kò sí àtúnṣe. Afẹ́fẹ́ ibẹ̀ gbẹ, àwọ̀ a sì gbẹ kíá. Ní ìgbà òtútù, omi lè dì mọ́ búrọ́ọ̀ṣì. Ohun tí ó nira jù lọ ni òjìji. Ní òwúrọ̀ ó wà ní ìhà kan, ní ìrọ̀lẹ́ ó ti bọ́ sí ìhà kejì. Ògiri tí ó pupa bí iná ní agogo márùn-ún lè di aláwọ̀ aró kí agogo mẹ́fà tó lù. Nítorí náà, ẹni tí ń ṣe iṣẹ́ yìí ní láti padà sí ibì kan náà ní wákàtí kan náà, lónìí, lọ́la, lọ́tùn-únla. Òkúta kì í kánjú. Ìmọ́lẹ̀ ni ó ń kánjú. Àwọn baba wa ní ẹni tí ó bá fi sùúrù pa èèrà yóò rí ìfun inú rẹ̀.

Ní ọjọ́ 30 oṣù November, ọdún 1934, àrùn ọkàn kọlù ú létí ọ̀gbun náà, ó sì kú lẹ́ni ọdún 55. Ibẹ̀ náà ni wọ́n sin ín sí. Ibì kan wà ní etí àríwá tí ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ títí di òní.

Wàyí o, ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́. Ní nǹkan bí ogún ọdún sẹ́yìn, ìyá mi ń gbé lọ́dọ̀ wa. Ní gbogbo ìrọ̀lẹ́, a máa jókòó sẹ́nu ọ̀nà, a máa bó ẹ̀gúsí sínú àwo. Ọmọ mi yìí jẹ́ ọmọ ọdún mọ́kànlá nígbà náà. Nígbà tí mo ti ibi iṣẹ́ dé, mo bá a lórí ìjókòó níwájú rẹ̀, pẹ́ńsùlù lọ́wọ́, kò ka ìwé, kò pọn omi. Ní ọjọ́ kejì, bákan náà. Ní ọjọ́ kẹta, mo rí i pé ẹ̀yìn ìwé ìṣirò owó tí mo gbé wálé ni ó ń yàwòrán sí. Inú bí mi. Mo fa ìwé náà ya, mo sì nà án ní ẹgba mẹ́ta. Ìyá mi kò pariwo. Ó kàn gbé àwo ẹ̀gúsí rẹ̀ sílẹ̀, ó ní: "Ọmọ yìí kò ṣọ̀lẹ. Èmi ni ó ń wò. Ta ni ó tún ń wò mí nínú ilé yìí?"

N kò fèsì. Iṣẹ́ pọ̀ lọ́rùn mi. Kí ọyẹ́ ọdún kejì tó parí, ìyá mi ti sùn nínú Olúwa. Fọ́tò kan ṣoṣo tí a ní ni èyí tí a yà lọ́jọ́ ìkórè, tí ó wé gèlè líle, tí ó wọ bàtà tí a yá fún un, tí ó dúró gbọnrangandan bí ọmọ ilé ìwé. Aṣọ ni a mọ̀ nínú rẹ̀. A kò mọ̀ ọ́n. Ìyá tí ń bó ẹ̀gúsí nínú oòrùn ìrọ̀lẹ́, èmi ni mo fà á ya.

Mo kọ èsì sí ọmọ mi. Mo tọrọ àforíjì, ohun tí ó ṣòro fún baba láti kọ, mo sì bẹ̀ ẹ́ pé kí ó tún un yà bí ó bá ṣe rántí. Lẹ́yìn oṣù kan, ìwé kan dé. Àwo ẹ̀gúsí wà níbẹ̀. Ọwọ́ ìyá mi wà níbẹ̀, pẹ̀lú àtàǹpàkò tí ó tẹ̀ díẹ̀. Oòrùn ń gba ẹnu ọ̀nà wọlé. Ṣùgbọ́n ibi ojú ṣófo. Ó kọ ọ́ pé: "Bàbá, mo gbìyànjú títí. Ojú wọn kò wá sí mi lọ́kàn mọ́, n kò sì fẹ́ parọ́ mọ́ wọn."

Kì í ṣe pé gbogbo ọmọ tí ó bá mú pẹ́ńsùlù ni yóò di ayàwòrán. Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì tí ọmọ mi ń ṣe, mo dúpẹ́ fún un. Ohun tí mo ń bẹ̀ yín ni pé, kí ẹ tó gbé pàṣán, ẹ kọ́kọ́ wo ohun tí ọmọ ń wò. Bí àgbàlagbà bá sì wà nínú ilé yín, ẹ fi ìwé iṣẹ́ sílẹ̀ nírọ̀lẹ́ òní, kí ẹ lọ jókòó tì í. Ohun tí a ní là ń náání.

Mo ti gbé àwòrán náà kọ́ sí pálọ̀, ní ọ̀kánkán fọ́tò ọjọ́ ìkórè. Bí àlejò bá bèèrè ìdí tí kò fi ní ojú, mo máa ń sọ fún un pé èmi ni mo jẹ gbèsè rẹ̀.