Ẹ Má Bi Mí Ní Ẹ̀kọ́ Inú Rẹ̀

Ìbéèrè kan ló lé mi kúrò nídìí ìwé ìtàn fún ọdún gbọọrọ. Gbogbo ẹni tó ti ṣe iṣẹ́ Yorùbá nílé ìwé girama ló mọ̀ ọ́n: "Ẹ̀kọ́ wo ni ìtàn yìí kọ́ wa?" Ẹni tó kú nínú ìtàn ò tíì tutù tán tí tíṣà wa á ti béèrè rẹ̀, àwa náà á sì tò ó sójú ìwé: ká má ṣojúkòkòrò, ká máa gbọ́ràn sí òbí lẹ́nu, ká ní sùúrù. Wọ́n á fún wa ní máàkì, ó parí. Ọjọ́ tí mo jáde ìdánwò WAEC ni èmi àti ìwé ìtàn pínyà, mo lọ kọ́ṣẹ́ aṣọ rírán.

Àìsí iná ló dá mi padà. Ní ṣọ́ọ̀bù mi n'Íbàdàn, bí wọ́n bá mú iná lọ, tí epo jẹnẹrétọ̀ sì ti gbówó lórí, a ó kàn jókòó ti maṣíìnì ni, èmi àti àwọn ọmọ iṣẹ́ mi. Lọ́jọ́ kan mo mú Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀, ìwé Fágúnwà tí ọmọ mi fi ń ṣe iṣẹ́ ilé, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà á sókè kí oorun má baà gbé wa. Mo ti kà á rí. Ìwé tó jáde láti 1938, ta ni kò kà á rí? Àmọ́ n kò rántí pé Kàkó, ọ̀kan nínú àwọn ọdẹ inú rẹ̀, pa obìnrin.

Àkàrà-Oògùn, ọdẹ tó ń sọ ìtàn náà, dé ọ̀dọ̀ Kàkó pé kó jẹ́ kí àwọn jọ lọ sí Òkè Láńgbòdó. Obìnrin tó yẹ kó fi ṣaya rọ̀ mọ́ ọn, ó ní kò ní í lọ. Kàkó pa á, ó sì tẹ̀ lé ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ. Ìtàn ò dúró tì í rárá. Ọba ti rán wọn níṣẹ́, ọ̀nà jìn. Àwọn ọmọ iṣẹ́ mi ò jẹ́ kí n ka ìyókù. Ọ̀kan ní irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀ ló yẹ kí wọ́n fi sílẹ̀ nínú igbó fún Àgbákò, iwin olójú mẹ́rìndínlógún. Èkejì ní ayé ìgbà yẹn yàtọ̀. Mo ní ìgbà wo nìgbà náà, tí ikú ọmọ obìnrin kì í dun ìyá tó bí i? A ò tíì parí àríyànjiyàn yẹn títí di òní. Mo wo ìwé ọmọ mi bóyá olùkọ́ rẹ̀ mẹ́nu kàn án. Ẹ̀kọ́ márùn-ún ló kọ síbẹ̀, obìnrin yẹn ò sí nínú ọ̀kankan.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ èyí tó lè bí àwọn olólùfẹ́ Fágúnwà nínú. Ìwàásù rẹ̀ ò wọ̀ mí lára. Nígbà tí àwọn ọdẹ dé ọ̀dọ̀ Ìrágbèje ọlọ́gbọ́n, ọjọ́ méje ló fi gbà wọ́n níyànjú, èmi sì ti ń yán láti ọjọ́ kejì. Iṣẹ́ tíṣà ni Fágúnwà ń ṣe, ó sì hàn. Ṣùgbọ́n bí iwin bá yọ, tí òun àti ọdẹ ń bú ara wọn kí wọ́n tó wọ̀yá ìjà, Fágúnwà á gbàgbé pé tíṣà lòun. Irú ibẹ̀ yẹn kì í ṣeé fojú kà lásán, àfi kéèyàn gbé ohùn sókè.

Oníbàárà mi kan tó ń ṣiṣẹ́ ní yunifásítì ló gbọ́ ariwo wa, ó sì yá mi ní Ìtàn Ìgbésí Ayé Èmi Sẹ̀gilọlá. Isaac Thomas, olóòtú ìwé ìròyìn Akéde Èkó, ló kọ ọ́, ṣùgbọ́n kò forúkọ ara rẹ̀ sí i nígbà tó ń tẹ̀ ẹ́ jáde díẹ̀díẹ̀ ní 1929 sí 1930. Lẹ́tà ni, láti ọwọ́ obìnrin kan tí àìsàn ti dá dùbúlẹ̀, tó ń jẹ́wọ́ bó ṣe fi ẹwà rẹ̀ jayé ọkùnrin ní Èkó. Àwọn òǹkàwé gbà pé ẹni gidi ni. Wọ́n ń kọ̀wé sí ìwé ìròyìn nítorí rẹ̀, wọ́n ní owó ìrànwọ́ tilẹ̀ wọlé. N kò bá wọn wí. Èmi tí mo mọ̀ pé ọkùnrin ló jókòó kọ ọ́, mo ṣì ń bá a sọ̀rọ̀: "Ìyá, ẹ rọra."

Sẹ̀gilọlá ò yé sunkún. Á fa ọ̀rọ̀ Bíbélì yọ, á fi orin ìjọ kún un, á kìlọ̀ fún àwọn ọmọbìnrin. Àmọ́ bó bá ti kan fàájì ìgbà èwe rẹ̀, ohùn á yí padà, omijé á gbẹ. Aṣọ ọ̀fọ̀ tí wọ́n rán ní sítáìlì ìgbéyàwó ni ìwé náà. Ọmọ iṣẹ́ mi tó kéré jù ló sọ ọ́ síta: "Àǹtí, màmá yìí ò kábàámọ̀ tó bó ṣe ń wí o." Ní tèmi, ó kábàámọ̀, ó sì tún gbádùn ẹ̀, òun ni mo ṣe fẹ́ràn rẹ̀. Bí mo bá ń wọn àwọn ìyá àgbà kan fún aṣọ ìdúpẹ́, ìtàn tí wọ́n ń sọ sí mi létí kì í ṣe ìtàn ìdúpẹ́.

Ọládẹ̀jọ Òkédìjí, tí a tún kà, ò wàásù ní tirẹ̀. Nínú Àjà Ló Lẹrù, tó jáde ní 1969, Lápàdé ti kúrò lẹ́nu iṣẹ́ ọlọ́pàá, síbẹ̀ kò lè rí ọ̀daràn kó mójú kúrò. Òun àti Tàfá Ìgíripá, ẹnìkejì rẹ̀, á sì fẹsẹ̀ ara wọn rìn wọnú wàhálà. Ẹnu wọn ni mo fẹ́ràn jù. Nínú ewu náà, wọ́n á ṣì ráyè pòwe. Ìjà ló pọ̀ jù fún mi, ó sì níbi tí mo ti ṣí ìwé síwájú láti mọ ẹni tó ṣì wà láàyè. Àwọn ọmọ iṣẹ́ mi ní ìrẹ́jẹ ni. Wọ́n ti bá mi ṣàdéhùn lórí Àgbàlagbà Akàn tó tẹ̀ lé e ní 1971: n kò gbọdọ̀ fo ojú ewé kan, ìjà ì báà pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ.